Bí A Ṣe Ń Lo Róbọ́ọ̀tì Tó Ń Fọ Adágún Ìlúwẹ̀ẹ́, Tí Kò Fi Ní Tètè Bàjẹ́

Adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí mò ń bójú tó ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, gùn ní mítà 12, ó fẹ̀ ní mítà 6, igi máńgòrò méjì sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá ti mú ní oṣù Kejìlá, eruku tó ń ti apá aṣálẹ̀ Sàhárà fẹ́ wá a máa bà sísàlẹ̀ omi náà láàárín òru kan, débi pé bí ẹ bá fi ọ̀pá tọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀, ńṣe ni yóò rú bí omi tí wọ́n fi ṣan ọkà. Tẹ́lẹ̀, wákàtí méjì ààbọ̀ ni èmi àti ọmọkùnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́ fi máa ń fa ọ̀pá ìfọ̀ kiri inú oòrùn. Róbọ́ọ̀tì ló ń ṣe é báyìí. Ṣùgbọ́n èyí tí a kọ́kọ́ rà kò lò tó oṣù mẹ́jọ tó fi kú, ẹ̀kọ́ tí mo sì rí kọ́ lára rẹ̀ ni pé orí ilẹ̀ ni a ti ń ba ẹ̀rọ yìí jẹ́, kí a tó gbé e sómi àti lẹ́yìn tí a bá gbé e jáde. Nítorí náà, ohun tí à ń ṣe lórí ilẹ̀ ni yóò gba ọ̀rọ̀ mi jù.

Ẹ̀rọ náà kò le láti yé ni. Ó dà bí àpótí kékeré tó ní bẹ́líìtì tàbí táyà lábẹ́, tó ní búrọ́ọ̀ṣì níwájú àti lẹ́yìn, tó sì ní asẹ́ nínú ikùn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wúwo tó kílò 7 sí 11 nígbà tí wọ́n bá gbẹ. Mọ́tò kan ló ń yí bẹ́líìtì tó fi ń rìn, mọ́tò mìíràn sì ń yí fáànù kékeré kan tó ń fa omi wọlé láti abẹ́ ikùn rẹ̀, tí omi náà yóò gba inú asẹ́ kọjá, tí yóò sì tú jáde láti orí rẹ̀. Agbára omi tó ń tú jáde lókè yìí ló ń tẹ ẹ̀rọ náà mọ́lẹ̀, òun náà ló sì ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri nígbà tó bá ń gun ògiri lọ sí ojú omi. Kì í lo páńpù adágún yín rárá, gbogbo ìdọ̀tí tó bá sì kó, inú ikùn rẹ̀ ni yóò wà títí ẹ óò fi tú u dànù. Bí asẹ́ bá dí, omi kò ní lè tú jáde bó ṣe yẹ. Bí omi kò bá sì tú jáde, kò ní lè gun ògiri, kò sì ní lè fa iyanrìn. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò padà sórí rẹ̀.

Àwọn kan nínú wa ni ẹbí wọn ra ẹ̀rọ yìí ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà. Kò burú, ṣùgbọ́n iná volt 120 ni wọ́n ń lò lọ́hùn-ún, nígbà tí tiwa jẹ́ volt 230. Kí ẹ tó ki ohunkóhun bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ yí àpótí iná tó bá a wá dojú délẹ̀, kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ INPUT. Bí ẹ bá rí 100–240V, ẹ lè lò ó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 120V nìkan, ẹ kò gbọdọ̀ kì í bọ iná ilé wa láìfi tánsífọ́mà tó ń rẹ iná sílẹ̀ sáàárín. Ẹ tún bi ẹni tó ń tà á bóyá òun ní búrọ́ọ̀ṣì, bẹ́líìtì àti asẹ́ rẹ̀ lọ́jà, nítorí gbogbo wọn ló máa ń jẹ tán. Dolphin tí ilé-iṣẹ́ Maytronics ti Ísírẹ́lì ń ṣe wà nínú àwọn tí orúkọ wọn lókìkí, bẹ́ẹ̀ ni Polaris àti Zodiac. Ṣùgbọ́n orúkọ tó lókìkí tí ẹ kò lè rí bẹ́líìtì rẹ̀ rà kò ní ṣe yín láǹfààní.

Àpótí iná yẹn ló ń sọ iná ilé di iná kékeré tí kì í sábà ju volt 30 lọ, kí ó tó gba inú wáyà wọ inú omi. Àpótí náà fúnra rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kan omi. Kí ó jìnnà sí etí adágún ní mítà 3 ààbọ̀ ó kéré tán, kí ó wà ní ibòji, kí ó wà níbi tí òjò kò ti lè pa á tàbí kí àgbàrá ṣàn bá a. Ibi tí ẹ bá gbé e sí ló tún máa sọ bóyá wáyà yóò tó. Mítà 18 ni wáyà tiwa. Nígbà tí a kọ́kọ́ gbé àpótí náà sí igun kan, láti igun yẹn dé igun tó kọjú sí i lódì kejì jẹ́ mítà 13 àti díẹ̀. Bí ẹ bá fi mítà 3 ààbọ̀ tó wà láàárín àpótí àti omi kún un, tí ẹ tún fi mítà 2 tí omi fi jìn kún un, ó ti di nǹkan bíi mítà 19. Wáyà kò tó. Róbọ́ọ̀tì a rìn títí, wáyà a le tantan, òun a sì ṣẹ́rí padà láìfọ igun yẹn. Ìgbà tí a gbé àpótí náà wá sí àárín ẹ̀gbẹ́ tó gùn, igun tó jìnnà jù kò ju mítà 8 ààbọ̀ lọ mọ́, àpapọ̀ rẹ̀ sì di mítà 14. Adágún kò yí padà, wáyà kò gùn sí i, ṣùgbọ́n igun tó ti ń dọ̀tí láti ọjọ́ yìí wá mọ́.

Ọ̀rọ̀ iná fúnra rẹ̀ gba sùúrù. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ óò lò gbọ́dọ̀ wà lórí irú bíréékà tó ń gé iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò, èyí tí àwọn oníná ń pè ní RCD, kí ó sì jẹ́ ti milliampere 30. Bí oníná yín bá ní kò pọn dandan, ẹ wá oníná mìíràn. Ẹ má ṣe na ẹ̀sìtẹ́ńṣọ̀n kọjá lórí koríko tútù nítorí pé sọ́kẹ́ẹ̀tì jìnnà. Ẹ̀rọ yìí kì í jẹ iná púpọ̀. Èyí tí à ń lò kì í ju watt 180 lọ, nígbà tí páńpù adágún tó jẹ́ horsepower kan ń jẹ tó 750 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ínfátà tó dára lè gbé e láìmira. Ìgbà tí iná bá ń lọ tó ń bọ̀ ni ewu rẹ̀ pọ̀. Bí iná ìjọba bá lọ, ẹ yọ àpótí náà kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ bá sì tan jẹnẹrétọ̀, ẹ jẹ́ kí ó balẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi márùn-ún kí ẹ tó kì í padà.

Irú àìbìkítà bẹ́ẹ̀ ló pa róbọ́ọ̀tì wa àkọ́kọ́. Ọmọkùnrin tó ń ràn mí lọ́wọ́ gbé e sórí símẹ́ǹtì létí omi, ó ki wáyà bọ iná, ó tẹ bọ́tìnnì, ó rí i pé kò sí iná, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ jẹun ọ̀sán. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí iná dé. Nígbà tí mo débẹ̀, róbọ́ọ̀tì ti ń yí lórí ilẹ̀ gbígbẹ bí ìjàpá tí wọ́n dojú rẹ̀ dé, òórùn rọ́bà jíjó sì ti gba gbogbo ibẹ̀. Omi tó ń gba inú ẹ̀rọ yìí kọjá ló ń mú kí ó tutù. Bí omi kò bá sí, rọ́bà róbótó tó ń dí ojú mọ́tò kí omi má baà wọlé yóò gbóná, yóò sì yọ́. Ọjọ́ kejì tí a gbé e sómi, ó ṣì rìn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, omi ti wọ mọ́tò, ó tán. Àwọn tuntun kan wà tó máa ń mọ̀ pé àwọn kò sí nínú omi, tí wọ́n á sì dúró fúnra wọn, ṣùgbọ́n ẹ má gbára lé e. Inú omi ni róbọ́ọ̀tì gbọ́dọ̀ wà kí iná tó kàn án.

Kí ẹ tó lò ó lẹ́ẹ̀kíní, ẹ tú wáyà rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ nà án gbọọrọ sínú oòrùn fún ọjọ́ kan, nítorí bí wọ́n ṣe ká a nínú páálí ni yóò fẹ́ máa ká ara rẹ̀ kò nínú omi. Wáyà nìkan ni kí ẹ nà soòrùn o. Ibòji ni kí ẹ gbé ẹ̀rọ gan-an sí. Ẹ tún wo búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Èyí tó jẹ́ rọ́bà onírun dára fún adágún oní-símẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n orí táìsì dídán, èyí tó jẹ́ fóòmù ló ń dì í mú, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ náà yóò máa yọ̀ lulẹ̀ lára ògiri. Fóòmù yẹn máa ń le bí igi nígbà tó bá gbẹ, nítorí náà ẹ rẹ ẹ́ sómi títí yóò fi rọ̀ kí ẹ tó lò ó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, róbọ́ọ̀tì yóò léfòó, ẹ óò sì rò pé ó ti bàjẹ́ láti ilé ìtajà.

Ní ọjọ́ iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ fi àwọ̀n kó ewé ńláńlá àti èso máńgòrò tó bá já bọ́ sínú omi, kí ẹ kó bọ́ọ̀lù àti nǹkan ìṣeré àwọn ọmọdé kúrò, kí ẹ sì gbé àkàbà jáde bí ó bá ṣeé gbé. Ẹ pa páńpù adágún, kí ẹ fún omi ní wákàtí kan kí ìdọ̀tí lè balẹ̀. Omi tó ń tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri lè máa ti róbọ́ọ̀tì kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ so wáyà mọ́ àpótí iná, ṣùgbọ́n ẹ má tíì tan án. Ẹ di ibi ìdìmú rẹ̀ mú, kí ẹ rọra gbé e sínú omi, kí ikùn rẹ̀ kọjú sí ògiri, kí ẹ sì máa mì í sọ́tùn-ún sósì títí afẹ́fẹ́ tó ń hó jáde lára rẹ̀ yóò fi dáwọ́ dúró. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Yóò rì fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe jù ú sómi láti òkèèrè. Ìwọ̀n wáyà tó lè dé igun tó jìnnà jù ni kí ẹ fi sínú omi, kí ẹ tẹ́ ẹ káàkiri ojú omi láìká a jọ. Kí èyí tó bá ṣẹ́kù wà lórí ilẹ̀, nítorí wáyà tó bá pọ̀ jù nínú omi ló máa ń lọ́ mọ́ra.

Ìgbà yìí ni ẹ tó lè tan iná. Ọ̀pọ̀ wọn ló ń ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, tí wọ́n á sì dáwọ́ dúró fúnra wọn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wà nínú omi ní gbogbo àkókò náà, ìbáà jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ni ó fẹ́ kì bọ̀ ọ́. Ní ilé àlejò bíi tiwa, òru tàbí kùtùkùtù ló dára. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ jókòó tì í kí ẹ máa wò ó: ẹ óò mọ ibi tí ó ti máa ń há, èyí tó sábà jẹ́ orí ìdérí ihò omi tó yọ díẹ̀ sókè ní ìsàlẹ̀. Ti fóònù tí wọ́n fi ń darí àwọn kan nínú wọn kò gba àlàyé; ó dùn mọ́ àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n bọ́tìnnì tó wà lára àpótí iná ti tó fún iṣẹ́.

Bí ó bá ti parí, ẹ pa iná, ẹ yọ ọ́ ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, kí ẹ rọra fi wáyà fa ẹ̀rọ náà wá sí etí omi. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wáyà parí sí. Ẹ na ọwọ́ yín, kí ẹ di ibi ìdìmú rẹ̀ mú, kí ẹ gbé e díẹ̀ sókè, kí ẹ dá a dúró fún ìṣẹ́jú-àáyá 10 sí 15 títí omi inú rẹ̀ yóò fi dà, nígbà náà ni kí ẹ gbé e jáde. Ẹni tó bá fi wáyà fà á gòkè bí ẹni ń fa korobá láti inú kànga ń já okùn bàbà tó wà nínú wáyà náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ kò ní rí i lójú, títí di ọjọ́ tí yóò máa ṣiṣẹ́ tí yóò máa dáwọ́ dúró. Ẹ má sì fi í sínú omi di ọjọ́ kejì. Kilorín ń jẹ rọ́bà àti búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ní gbogbo wákàtí tó bá fi wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ asẹ́ nìyí. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fọ̀ ọ́ nígbà tó ṣì tutù. Eruku ọyẹ́ tó bá gbẹ mọ́ ojú asẹ́ a dì bí amọ̀ tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, kò sì ní ṣí mọ́ àyàfi bí ẹ bá rẹ ẹ́ sómi di ọjọ́ kejì. Ẹ yọ ọ́ jáde, ẹ tú ìdọ̀tí inú rẹ̀ dànù sábẹ́ igi, kí ẹ fi họ́ọ̀sì fọ̀ ọ́ láti inú bọ̀ síta, kí ẹ wá gbé e sókè sójú oòrùn. Bí ẹ kò bá rí ìmọ́lẹ̀ gba ojú rẹ̀ kọjá, kò tíì mọ́. Ọṣẹ kò sí níbẹ̀, nítorí yóò máa hó nínú omi. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, tí omi rẹ̀ ń jáde bí abẹ́rẹ́, kò gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn, yóò ya á.

Bí ẹ̀rọ yín bá ní asẹ́ oríṣi méjì, ẹ lo èyí tí ojú rẹ̀ fẹ̀ ní àsìkò tí ewé àti òdòdó máńgòrò bá ń wọ́, kí ẹ lo èyí tó kúnná ní àsìkò ọyẹ́. Èyí tó fẹ̀ yóò gbé eruku ọyẹ́ wọlé, yóò sì tú u padà sínú omi láti òkè. Ẹ óò wo omi, ẹ óò ní ẹ̀rọ yìí kò ṣe nǹkan kan. Bákan náà ló rí fún àwọn tó ń lo omi kànga ẹ̀rọ tí irin pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ẹ bá da kilorín sí irú omi bẹ́ẹ̀, irin inú rẹ̀ yóò dípẹtà, omi yóò pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ìpẹtà náà yóò sì bà sílẹ̀ bí àtíkè. Asẹ́ tó kúnná nìkan ló lè kó o, ẹ sì lè ní láti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀méjì láàárín iṣẹ́ kan.

Kò sí róbọ́ọ̀tì tó ń tọ́jú omi fúnra rẹ̀. Omi tí kò sí kilorín nínú rẹ̀ yóò di àwọ̀ ewé lẹ́yìn òjò díẹ̀, bí omi bá sì ti di àwọ̀ ewé, ẹ má gbé róbọ́ọ̀tì sí i: asẹ́ rẹ̀ yóò dí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì ní lè dúró lára ògiri tó ń yọ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì tó ní ọ̀pá gígùn ha ògiri, ẹ fi kẹ́míkà pa á, ẹ jẹ́ kí páńpù ṣiṣẹ́ títí omi yóò fi padà mọ́, kí róbọ́ọ̀tì wá kó ohun tó bà sílẹ̀ kẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹ tún dúró kí kilorín tí ẹ dà sí i wálẹ̀. Ìwé ìlò púpọ̀ ní kí kilorín má ju 4 ppm lọ (ìyẹn ìwọ̀n mẹ́rin nínú mílíọ̀nù kan), kí pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, wà láàárín 7.0 sí 7.8, kí omi má sì gbóná ju 35 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius. Èmi kì í jẹ́ kí kilorín tiwa kọjá 3.

Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ yọ iná rẹ̀ kúrò pátápátá, kí ẹ dojú rẹ̀ dé, kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yí búrọ́ọ̀ṣì àti bẹ́líìtì fọwọ́, kí ẹ rí i pé kò sí òkúta tó há sí i. Lẹ́yìn náà, ẹ tú ìdérí tó wà lókè, níbi tí omi ti ń tú jáde, kí ẹ wo fáànù inú rẹ̀. Ní tiwa, irun ni mo máa ń bá níbẹ̀: atáṣímẹ́ǹtì tó tú lórí àwọn àlejò, tó ti wé mọ́ ìdí fáànù bí òwú mọ́ kẹ̀kẹ́, àwọ̀ dúdú, àwọ̀ pupa, nígbà mìíràn àwọ̀ búlúù. Mo máa ń fi àlùmọ́gàjí onímú tín-ín-rín gé e, mo sì máa ń fi ẹ̀mú ìyọ-ẹ̀gún fà á yọ, láìfi irin gún rọ́bà tó wà nídìí rẹ̀. Bí ẹ bá fi irun náà sílẹ̀, mọ́tò yóò máa fi ipá yí, yóò gbóná, ẹ̀rọ yóò sì máa kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ tún na wáyà sóòrùn lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì-méjì. Bí ẹ bá sì fẹ́ ká a, ẹ ká a ní òbìrí ńlá lórí ilẹ̀. Ẹ má ká a mọ́ ìgbọ̀nwọ́ bí okùn ewúrẹ́.

Ohun tó bá ń ṣe é máa ń fi ara hàn. Bí kò bá gun ògiri mọ́, asẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, lẹ́yìn rẹ̀ kí ẹ wo bóyá búrọ́ọ̀ṣì ti jẹ dé ibi àmì tó wà lára rẹ̀. Bí ó bá ń pòyì lójú kan, nǹkan ti há sí bẹ́líìtì ẹ̀gbẹ́ kan tàbí bẹ́líìtì náà ti fẹ̀. Bí ó bá ń léfòó, afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí bíréékà bá ń já ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tan án, tí kì í já bí ẹ bá yọ wáyà ẹ̀rọ kúrò lára àpótí, omi ti wọ wáyà tàbí mọ́tò. Ẹ dáwọ́ dúró níbẹ̀. Mo ti rí ẹni tó fi tépù dúdú di ojú wáyà tó là tó sì dá a padà sínú omi. Tépù kì í dí omi, inú omi kan náà ni àwọn ọmọ yóò sì wọ̀ lọ́sàn-án. Wáyà odindi ni wọ́n ń pààrọ̀, mọ́tò sì jẹ́ àpótí dídí tí ẹni tó bá ní irinṣẹ́ rẹ̀ nìkan lè ṣí.

Èyí tí kò ní wáyà, tó ń lo bátìrì, bọ́ lọ́wọ́ wàhálà wáyà àti ti iná tó ń já, ó sì dára fún adágún kékeré. Tirẹ̀ ni pé kí ẹ nu ojú ibi tí wọ́n ti ń fi iná sí i gbẹ dáadáa kí ẹ tó fi iná sí i, kí ẹ máa fi iná sí i nínú ilé níbi tó tutù, kí ẹ má sì jẹ́ kí bátìrì rẹ̀ wà ní òfìfo fún oṣù púpọ̀. Bí ẹ kò bá ní lò ó fún ìgbà pípẹ́, ẹ fi iná sí i dé ìdajì, kí ẹ fi omi tí kò ní kilorín ṣan ẹ̀rọ náà lóde àti nínú, kí ẹ jẹ́ kí ó gbẹ ní ibòji, kí ẹ sì gbé e dúró lórí ìdí rẹ̀ tàbí lórí kẹ̀kẹ́ tó bá a wá, kí ìwúwo rẹ̀ má baà máa tẹ búrọ́ọ̀ṣì títí wọn yóò fi ṣe pẹrẹsẹ.